Èéfín Tí Ameenat Fà Dànù

Ọdún mẹ́tàlélógún ni Ameenat Adélékè fi fa èéfín. Ẹ má rò ó sí sìgá o. Obìnrin tó ń kírun ní wákàtí márààrún ni. Èéfín ẹran ara ènìyàn ló ń fà. Nọ́ọ̀sì tíátà ni, ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ abẹ níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀bẹ lásán, iná mànàmáná ló wà lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ti kan ara, á gé e, á sì jó ojú ẹ̀jẹ̀ pa lẹ́ẹ̀kan náà, èéfín funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á máa rú sókè. Bí ẹnì kan ò bá fa èéfín yẹn kúrò, dókítà ò ní rí ohun tó ń gé. Ameenat ló ń di páìpù kékeré kan mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀bẹ. Páìpù á fa èéfín, á gbé e lọ sínú ìgò ńlá kan nísàlẹ̀, ó parí nìyẹn. Kò sí ẹni tó tún ń béèrè rẹ̀.

Àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké bẹ̀rù rẹ̀ gan-an. Bí òwú tí wọ́n fẹ́ fi nu ẹ̀jẹ̀ bá jẹ́ ogún nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ogún gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó rán aláìsàn. Bí ẹyọ kan bá dín, Ameenat á lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, dókítà fúnra rẹ̀ ò ní jáde. Ó sì ní ìyangàn tirẹ̀. Ó máa ń sọ pé imú òun mọ ara ju ojú òun lọ: ọ̀rá ní òórùn tirẹ̀ bí iná bá kàn án, iṣan ní tirẹ̀, awọ náà ní tirẹ̀. "Láti ọdún tí mo ti wọ tíátà, súyà ò wọ ẹnu mi mọ́," ló máa ń wí, gbogbo wọn á sì bú sẹ́rìn-ín. Ayọ̀fẹ́, ọmọbìnrin kan tó kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kọjá sí Ìlú Ọba, ló fún un lórúkọ àdàpè: Ìyá Eléèéfín.

Ohun kan tún wà tó fi ń fọ́nnu. Tẹ́lẹ̀, ọ̀rá dúdú ni wọ́n máa ń di ìkejì ọmọ sí fún àwọn tó bá bímọ ní ilé ìwòsàn náà, kí wọ́n lè gbé e lọ sin sílé bí a ti ń ṣe. Ọ̀rá á máa jò, bàbá ọmọ á máa nawọ́ síwájú kó má baà ta sí i láṣọ. Ameenat ní kò bójú mu. Ó lọ ra ike funfun kéékèèké onídérí ní ọjà Òkè-Àjẹ, ó ní inú ẹ̀ ni kí wọ́n máa gbé e sí. Láti ìgbà náà, bí ará àdúgbò bá rí ẹni tó gbé ike funfun jáde ní géètì yẹn, kò ní béèrè ọ̀rọ̀ kankan, á kàn kí i pé, "Ẹ kú ewu ọmọ o."

Àwọn mẹ́ta ni ìyá wọn, Alhaja Mùínátù, bí. Ameenat ni àkọ́bí, Yasir tẹ̀ lé e, Raheemah ni àbíkẹ́yìn. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló wà láàárín Ameenat àti Raheemah. Ẹ̀yìn Ameenat ni ọmọ náà gbé dàgbà, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àlùwàlá, òun ló nà án nígbà tó kọ́kọ́ purọ́. Àwọn tí kò mọ̀ wọ́n máa ń rò pé ọmọ rẹ̀ ni. Kì í jiyàn.

Híjáàbù ni Raheemah ń tà ní Òkè-Àjẹ, ẹnu rẹ̀ sì mú. Bí obìnrin bá gbé híjáàbù wò tó ń ṣe iyèméjì, á ní, "Ẹ gbà á ma, ó ti sọ yín di ọmọ ogún ọdún." Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí kò tíì lọ́kọ, àwọn ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í fi àdúà bú u. Ìgbà náà ni Ayman dé, olùkọ́ kan ní yunifásítì Ìjagun. Ó wá ra híjáàbù fún ìyá rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì ó tún wá ra òmíràn, ó tún wá lọ́sẹ̀ kẹta. Raheemah wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Orí mélòó ni màmá yín ní gan-an?" Bí ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n mú ọjọ́ nikah sí ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn Ojúde Ọba.

Oṣù mẹ́rin ló kù kí ọjọ́ pé nígbà tí Raheemah ń wẹ̀ lọ́jọ́ kan tí ọwọ́ rẹ̀ ba kókó kan nínú ọmú òsì. Ẹni àkọ́kọ́ tó fi hàn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ameenat fọwọ́ kàn án, ọkàn rẹ̀ já, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó hàn lójú rẹ̀. Ó mú un lọ bá Dókítà Micah, oníṣẹ́ abẹ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

Dókítà Micah kì í purọ́ fún aláìsàn. Ó ní, "Raheemah, ó lè jẹ́ kókó tí kò ní wàhálà, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n. A máa yọ kókó náà, a máa fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń yẹ ẹran ara wò ní Ìbàdàn. Tí wọ́n bá ní kò sí nǹkan, o ti bọ́. Tí wọ́n bá ní jẹjẹrẹ ni, tó sì ku díẹ̀ nínú, a máa padà wọlé, a máa gé ọmú náà kúrò."

"Ẹ fi ọmú mi sílẹ̀ fún mi títí ẹ máa fi mọ̀," Raheemah dá a lóhùn. "Tẹ́ ẹ bá ti mọ̀, ẹ gé e. Mi ò ní bá yín jà."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Raheemah kò bẹ̀rù ọ̀bẹ. Gbogbo ohun tó béèrè ni pé kí wọ́n mọ̀.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, Dókítà Micah ní kí Ameenat jókòó síta, nítorí a kì í dúró wo bí wọ́n ṣe ń gé ẹ̀jẹ̀ ẹni. Ameenat kọ̀. Ó ní ta ló fẹ́ bá àbúrò òun fa èéfín tí òun wà láyé. Ó wọ aṣọ, ó bo imú àti ẹnu, ó di páìpù mú. Ọ̀bẹ wọlé, èéfín rú, ó ń fà á.

Kókó náà tó ẹyin àdìẹ. Apá òkè rẹ̀ yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n apá ìsàlẹ̀ di ara mú, kò yọ̀ǹda. Dókítà Micah dúró. Ó gbé ọ̀bẹ sókè, ó ń wo ojú ibẹ̀.

"Ìyá Fatihah," ó pe Ameenat bí wọ́n ṣe ń pè é níbi iṣẹ́, "ibí yìí ò tẹ́ mi lọ́rùn."

"Ṣé kí ẹ gé díẹ̀ sí i ni, sà?"

"Títí dé ibo? Ibi tí mo gé yìí lè ti mọ́ tónítóní. Ó sì lè jẹ́ pé ó ṣẹ́kù síbẹ̀. Bí ẹnì kan bá lè sọ fún mi nísinsìnyí, lórí tábìlì yìí, mi ò bá ti mọ èyí tí màá ṣe." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká rán ojú ibẹ̀. Ìbàdàn á sọ fún wa."

Ó tún fi iná jó ojú ẹ̀jẹ̀ kan ní apá ìsàlẹ̀ yẹn. Èéfín rẹ̀ rú, ó gba abẹ́ ìbòmú Ameenat wọlé. Òórùn rẹ̀ ṣàjèjì sí i díẹ̀. Kò mọ ohun tí yóò pè é, ta sì ni yóò fi òórùn lásán da dókítà láàmú? Ó fà á, ó lọ sínú ìgò. Nígbà tí wọ́n parí, agbálẹ̀ da ohun tó wà nínú ìgò náà sí kòtò.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ rèé o. Ìgò tí wọ́n máa ń gbé ẹran ara sí kéré jù fún kókó náà. Ameenat wo yíká, ó sì mú ọ̀kan nínú àwọn ike funfun rẹ̀. Ó bu fọ́málíìnì sí i, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, ó gbé kókó náà sí i, ó dé e, ó kọ orúkọ Raheemah sí ara ìdérí. Ní ilé ìwòsàn yẹn, ẹbí aláìsàn ló máa ń gbé e dé Ìbàdàn fúnra wọn. Yasir, tó máa ń ná ọ̀nà Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ni Ameenat ti fi sọ́kàn pé yóò gbé e. Kò tíì sọ fún un. Ó fẹ́ pè é lórí fóònù lẹ́yìn iṣẹ́.

Ó gbé ike náà jáde. Ìyá wọn jókòó sórí bẹ́ńṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

"Màámi, wọ́n ti ṣe tán, alhamdulillahi. Ẹran tí wọ́n yọ lára Raheemah nìyí. Ẹ bá mi gbé e fún Yasir tó bá dé."

"Ara ọmọ mi ló wà nínú ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma."

Alhaja fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó fẹ́ béèrè nǹkan, ṣùgbọ́n wọ́n ké pe Ameenat láti inú: Raheemah ń jí, ó ń gbọ̀n, ó ń bì. Ameenat sáré wọlé. Ó tó wákàtí méjì kí ara Raheemah tó balẹ̀. Nígbà tó lajú tó ní, "Àǹtí mi, ebi ń pa mí," Ameenat sunkún ayọ̀, ó lọ wá ẹ̀kọ gbígbóná fún un. Ó gbàgbé láti pe Yasir. Obìnrin tí kì í jẹ́ kí ẹyọ òwú kan sọnù, ó gbàgbé.

Lọ́jọ́ kẹta ó wá pe Yasir pé ọjọ́ wo ni àwọn ará Ìbàdàn ní kó wá gba èsì.

"Ìbàdàn wo?" Yasir bi í.

"Ibi tó o gbé ike yẹn lọ."

"Odogbolu ni mo gbé e lọ, èmi àti Màámi. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ní ká gbé e."

Ameenat ò dúró parí ọ̀rọ̀. Ó wọ ọkọ̀, ó lọ sí Odogbolu, níbi tí ìyá wọn ń gbé ní ilé bàbá wọn. Ó bá Alhaja lẹ́yìn ilé, ó ń ṣa ewé. Alhaja rí i, inú rẹ̀ dùn, ó fà á lọ́wọ́ lọ sábẹ́ igi ọsàn, níbi tí wọ́n sin ìkejì gbogbo ọmọ ilé náà sí. Erùpẹ̀ tuntun wà níbẹ̀.

"Omi kan tó ń ta imú bí ata ni wọ́n dà lé e lórí," Alhaja ṣàlàyé. "Mo dà á nù. Mo fi omi tó mọ́ wẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́ta, mo fi aṣọ funfun wé e. Yasir gbẹ́ ilẹ̀, àfáà ṣe àdúà sí i. Ibòmíràn, inú pàǹtí ni wọn ò bá sọ ọ́ sí. Àmọ́ ìwọ, o rántí pé mùsùlùmí ló ni ín, o gbé e fún wa nínú ike tó mọ́. Ọlọ́run á san ọ́ lẹ́san, Ameenat."

Ọkọ́ wà lára ògiri. Ameenat wo ọkọ́, ó wo ilẹ̀. Òjò ti rọ̀ ní ọjọ́ méjì nínú ọjọ́ mẹ́ta náà. Ta ló mọ ẹran ara ju Ameenat lọ? Ó mọ ohun tí ọjọ́ mẹ́ta nínú ilẹ̀ tútù máa ń ṣe fún ẹran tí wọ́n ti fọ oògùn kúrò lára rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni ní Ìbàdàn tó tún lè rí nǹkan kà níbẹ̀. Ó sì wo ojú ìyá rẹ̀, arúgbó ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, tó ń rẹ́rìn-ín sí i. Báwo ni èèyàn ṣe ń sọ irú ẹ̀? Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Àmín, ma."

Ó tan Yasir pé ike mìíràn ti dé Ìbàdàn, ó sì sọ fún Dókítà Micah pé ike náà sọnù lójú ọ̀nà. Dókítà náà káwọ́ lérí. "A ò wá mọ nǹkan kan báyìí," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó padà wá. A máa gé ibi tí mo fi sílẹ̀ yẹn dáadáa, bó bá gba pé ká yọ ọmú náà, a máa yọ ọ́. Kó tó ṣègbéyàwó o, Ìyá Fatihah. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́."

Ameenat lọ sí ṣọ́ọ̀bù Raheemah lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kó lè sọ fún un. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń to ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu. Ó bá Raheemah níwájú dígí, ó wọ aṣọ tí wọ́n rán fún nikah, aláwọ̀ wàrà, télọ̀ ń fi abẹ́rẹ́ há ìsàlẹ̀ rẹ̀. Raheemah rí i nínú dígí, kò yíjú padà.

"Àǹtí mi, ṣé èsì ti dé?"

Ẹ gbọ́, kì í ṣe pé Ameenat burú. Ó rò ó pé bí òun bá sọ òótọ́, òun gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó sin ín. Ó rò ó pé àwọn ẹbí Ayman á gbọ́, wọn á ní ṣé ìyàwó tí wọ́n fẹ́ gé lọ́mú làwọn ń fẹ́. Ó tún rò ó, èyí ló sì burú jù nínú wọn, pé gbogbo ìlú á mọ̀ pé òun, Ìyá Fatihah, ni kò pe Yasir. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

"Ó ti dé," ó ní.

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọn ò rí nǹkan burúkú kankan."

Raheemah fò mọ́ ọn lọ́rùn pẹ̀lú abẹ́rẹ́ télọ̀ lára. Ọ̀kan nínú abẹ́rẹ́ náà gún Ameenat lápá, kò pariwo. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé lẹ́yìn nikah ni òun yóò wá ọ̀nà tí Raheemah yóò fi padà lọ ṣe iṣẹ́ abẹ náà, pé oṣù mẹ́rin kì í ṣe ọdún. Lẹ́yìn nikah, Raheemah ń rẹ́rìn-ín, ara rẹ̀ ń dán, Ameenat ní kí ọdún tuntun wọlé ná. Nígbà tí Dókítà Micah béèrè, ó ní ọkọ Raheemah ti mú un lọ sí ilé ìwòsàn míì. Irọ́ kan kì í dá rìn, ó máa ń pe èkejì ni.

Ó pé oṣù mẹ́rìndínlógún gérégé lẹ́yìn irọ́ àkọ́kọ́ yẹn kí Raheemah tó pè é pé nǹkan kan wú lábẹ́ abíyá òun, àti pé ẹ̀yìn ń ro òun débi pé òun ò lè jókòó ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n ya fọ́tò egungun rẹ̀, wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò. Jẹjẹrẹ náà ti wà níbi gbogbo. Dókítà tó wà níbẹ̀ béèrè èsì àkọ́kọ́, Ayman ní ìyàwó òun sọ pé wọn ò rí nǹkan kan. Dókítà náà mi orí. Ó ní àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ṣe àṣìṣe ńlá. Ameenat dúró lẹ́yìn Ayman, ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dá àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lẹ́bi, kò lanu.

Wọ́n fún Raheemah ní oògùn títí oògùn fi sú u. Irun orí rẹ̀ já tán. Ó ní ó ṣe tán, òun ni ẹni tó ń ta híjáàbù, ta ló fẹ́ rí orí òun. Ayman rẹ́rìn-ín, ó wá jáde lọ sẹ́yìn ilé lọ sunkún.

Àárín ìgbà yẹn ni Ayọ̀fẹ́ fi fídíò ránṣẹ́ láti Ìlú Ọba. Ameenat jókòó ní yàrá ìsinmi àwọn nọ́ọ̀sì, láàárín iṣẹ́ abẹ méjì, ó ṣí i. Ó gbọ́ ohùn Ayọ̀fẹ́ tó ń dùn bí ti àtijọ́.

"Ìyá Eléèéfín mi, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ wo nǹkan tí wọ́n ń dán wò ní tíátà wa níbí. Ẹ rántí èéfín tí ẹ máa ń ní kí n fà dànù? Àwọn wọ̀nyí kì í fà á dànù o. Ẹ̀rọ kan ló ń gbà á látinú páìpù. Èéfín yẹn, ara tó di èérún ni, èérún tó kéré débi pé ojú ò lè rí i. Ẹ̀rọ náà á wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, á wo bó ṣe wúwo sí. Ẹran tó dá ṣáká ní ìwọ̀n tirẹ̀, ti jẹjẹrẹ ní tirẹ̀. Kẹ́ ẹ tó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ó ti sọ fún dókítà bóyá kó gé sí i tàbí kó dúró. Wọn ò tíì fi sí ibi gbogbo, wọ́n ṣì ń fi wé ohun tí àwọn onímáíkíróskópù ń rí. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n, imú yín ni wọ́n jí gbé! Ẹ wò ó!"

Ameenat wò ó. Nínú fídíò náà, ọ̀bẹ kan ara, èéfín rú, páìpù fà á. Ojú ẹ̀rọ di àwọ̀ ewé. Ọ̀bẹ sún síwájú díẹ̀, èéfín tún rú, ojú ẹ̀rọ di pupa fòò. Dókítà òyìnbó náà ò ṣe iyèméjì. Ó gé jìnnà sí i, títí ojú ẹ̀rọ fi padà di àwọ̀ ewé, ó sì gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

Ìgbà márùn-ún ni Ameenat wò ó. Gbogbo ohun tí Dókítà Micah ń wá lọ́jọ́ yẹn wà nínú èéfín. Èéfín ara Raheemah ti jẹ́wọ́ gbogbo òótọ́ rẹ̀, ó gba iwájú imú òun kọjá, òun fúnra òun sì fi ọwọ́ ara òun fà á sínú ìgò pé kí wọ́n lọ dà á nù. Ó mọ̀ pé kò sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó mọ̀ pé èéfín kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ òun. Ṣùgbọ́n ohun tó rí nínú fídíò yẹn ni dókítà tó mọ̀ tó sì ṣe ohun tó yẹ, ohun kan ṣoṣo tí Raheemah bẹ̀ wọ́n fún. Òun ló sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n kan ilẹ̀kùn pé aláìsàn ti wà lórí tábìlì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́tàlélógún, ó ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn.

Ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìjagun. Ayman wà níbi iṣẹ́. Raheemah dùbúlẹ̀ lórí mátírẹ́ẹ̀sì ní pálọ̀, ó ti rù kan eegun. Ameenat jókòó nílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ lé itan, ó ń fi òróró pa á. Ó wá sọ ọ́. Ó sọ ti ike, ti Odogbolu, ti fóònù tí kò pe. Ó sọ ohun tí Dókítà Micah ní kí wọ́n ṣe. Kò fi nǹkan kan pa mọ́, kò sì wá àwáwí.

Raheemah ń wo fáànù tó ń yí lókè.

"Àǹtí mi," ó ní níkẹyìn, "ọjọ́ tẹ́ ẹ sọ fún mi pé wọn ò rí nǹkan, ṣé mo ní kẹ́ ẹ fi ìwé ẹ̀ hàn mí?"

"O ò béèrè."

"Kí ló dé tí mi ò béèrè?"

Ameenat gbé òróró sílẹ̀. "Torí pé èmi ni mo sọ fún ọ."

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi," Raheemah tún un sọ. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ṣàn wọ etí, kò nù ún. "Ṣé Màámi mọ̀?"

"Wọn ò mọ̀."

"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ láéláé. Wọ́n ti dàgbà, ó máa pa wọ́n. Ẹ̀yin nìkan ni kẹ́ ẹ máa gbé e."

"Raheemah, dákun, foríjì mí."

"Ó rẹ̀ mí, Àǹtí. Ẹ bá mi yí ẹ̀gbẹ́ padà."

Ameenat yí i padà, ojú rẹ̀ sì kọ ògiri. Raheemah gbé ọjọ́ mọ́kàndínlógún sí i láyé. Ojoojúmọ́ ni Ameenat ń lọ, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fún un lómi. Raheemah ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, ó ń ní, "Ẹ ṣé, ma." Kò pè é ní Àǹtí mi mọ́. Kò sọ pé òun foríjì í, kò sì sọ pé òun ò foríjì í. Ọjọ́ Jímọ̀ ló kú, kí wọ́n tó pe ìrun.

Wọ́n ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ ní Odogbolu. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mọ́sáláásì kún pálọ̀, wọ́n jókòó sórí ẹní yí Alhaja Mùínátù ká, wọ́n ń tù ú nínú. Ameenat ń gbé omi fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Alhaja ti sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há.

"Ohun kan ló ń tù mí nínú," ó ń sọ fún wọn. "Gbogbo ara ọmọ mi ló wọlẹ̀ pẹ̀lú àdúà, kò sí ìwọ̀n bín-ín-tín tó sọnù. Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ là á lára, wọn ò bá ti da ẹran ẹ̀ nù bí ẹran ewúrẹ́. Ameenat ni ò gbà. Ó rọra gbé e wá fún mi nínú ike tó mọ́, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi wẹ̀ ẹ́. Àfi ọmọ tó bá nífẹ̀ẹ́ àbúrò ẹ̀ tọkàntọkàn. Ameenat, ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀?"

Gbogbo ojú yí sí i. Ife omi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Ẹ bá mi ṣàdúà fún un," Alhaja wí.

Wọ́n tẹ́ ọwọ́. Wọ́n ní ẹni tí yóò ṣe irú ẹ̀ fún òun náà kò ní wọ́n ọn. Wọ́n ní bó ṣe tọ́jú àbúrò rẹ̀ ni Ọlọ́run yóò ṣe tọ́jú rẹ̀, pé ohun tó ṣe fún Raheemah, irú ẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò ṣe fún un. Ameenat kúnlẹ̀ láàárín wọn, ó ń ṣe àmín sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí àdúà fi parí.